Ọmọ mi ń lọ sí Ìlú Ọba: kí ni kí n sọ fún un nípa ìwọ̀sí àti ìbéèrè òmùgọ̀?

Aláàdìrẹ Ìtokú
Ẹ kú ilé o, ẹ̀yin ọmọ Ẹ̀gbá tó wà nílé, ẹ sì kú àjò, ẹ̀yin tó wà lẹ́yìn odi. Àbíkẹ́yìn mi ti gba físà. Oṣù kẹsàn-án ló ń wọlé sí yunifásítì kan ní àríwá England, ẹ̀kọ́ nípa ìlera ará ìlú ló fẹ́ kà. Owó ilé ìwé, ibi tó máa sùn, aṣọ òtútù, gbogbo ìyẹn la ti ń bá yí, Ọlọ́run á ṣe é. Ọ̀rọ̀ tó kù ni mi ò mọ ibi tí mo ti máa mú un.

Ẹ̀gbọ́n rẹ̀ tó wà ní Kánádà sọ fún un lórí fóònù pé wọ́n máa bi í bóyá a ní iná ní Áfíríkà, bóyá inú ọkọ̀ òfuurufú ló ti kọ́ Gẹ̀ẹ́sì, bóyá kìnnìún máa ń kọjá níwájú ilé wa. Ó ní kó máa rẹ́rìn-ín, kó máa kọjá lọ. Bàbá rẹ̀ ní irọ́ ni, ẹni tó bá sọ̀kò ọ̀rọ̀ sí i, kó sọ ọ́ padà lójú ẹsẹ̀. Ọmọ fúnra rẹ̀ wá ń sọ pé orúkọ òyìnbó tí wọ́n fi ṣe ìrìbọmi fún òun lòun máa jẹ́ lọ́hùn-ún, kó lè rọrùn fún wọn. Kò sẹ́ni tó fi orúkọ yẹn pè é rí nínú ilé yìí. Ó dùn mí, ṣùgbọ́n mi ò fẹ́ fi ìbínú dá a lóhùn.

Ẹ̀yin tẹ́ ẹ ti gbé ibẹ̀, kí lẹ ṣe? Mi ò wá àdúrà o. Àdúrà pọ̀ nílé wa.

Nọ́ọ̀sì Birmingham
Mà, ẹ kú oríire ọmọ. Ẹ̀gbọ́n rẹ̀ ò purọ́, wọ́n máa bi í. Ohun tí mo máa ń sọ fún àwọn àbúrò tó bá ṣẹ̀ṣẹ̀ dé sí wọ́ọ̀dù wa ni pé kí wọ́n kọ́kọ́ wo ojú ẹni tó ń bi wọ́n. Màmá arúgbó kan wà lórí bẹ́ẹ̀dì, kò kúrò ní àdúgbò rẹ̀ rí láyé, ó ní, "Ọmọ mi, ṣé ẹ ní ilé ìwòsàn lọ́dọ̀ yín?" Ẹni tó máa bá sọ̀rọ̀ ni màmá yẹn ń wá. Èmi máa ń fún wọn ní ìtàn. Mo ti sọ̀rọ̀ àpáta Olúmọ fún àwọn aláìsàn títí ọ̀kan fi ní kí ọmọ òun bá òun wá a lórí fóònù. Ìwọ̀sí kankan ò sí níbẹ̀.

Ṣùgbọ́n ẹni tó ní kí n má fi ọwọ́ dúdú kan òun mọ ohun tó ń sọ. Mi ò ní bá a jà, mi ò sì ní rẹ́rìn-ín. Màá pe nọ́ọ̀sì tó ń darí wa lọ́jọ́ náà, màá sì kọ ọ́ sílẹ̀: ọjọ́, àkókò, ọ̀rọ̀ tó sọ gan-an, ẹni tó wà níbẹ̀ tó gbọ́. Láti 2020 ni àwọn ilé ìwòsàn ìjọba ní England ti ní àṣẹ láti má ṣe tọ́jú aláìsàn tó bá ń fi àwọ̀ tàbí ẹ̀yà bú òṣìṣẹ́, bí àìsàn rẹ̀ kì í bá ṣe èyí tó lè gba ẹ̀mí rẹ̀. Ọ̀pọ̀ nínú wa ni kò mọ̀. Wọ́n á lọ sunkún ní ilé ìgbọ̀nsẹ̀, wọ́n á bọ́jú, wọ́n á padà sẹ́nu iṣẹ́ bí ẹni pé nǹkan kan ò ṣẹlẹ̀.

Ẹ bá mi kí Bàbá rẹ̀. Ẹ sọ fún wọn pé ní ibi iṣẹ́ òyìnbó, ẹni tó bá kọ́kọ́ pariwo ni wọ́n máa kọ orúkọ rẹ̀ sílẹ̀, ẹni tó fa ariwo á ti jókòó jẹ́ẹ́. Wọ́n ti ní i lọ́kàn tẹ́lẹ̀ pé oníbìínú ni obìnrin dúdú. Kí ọmọ yín má bá wọn jẹ́rìí sí i.

Onímọ́tò Láfẹ́ńwá
Kìnnìún kẹ̀! Ní Láfẹ́ńwá yìí, ewúrẹ́ gan-an ò ráàyè kọjá, kìnnìún lẹ wá gbọ́ pé wẹn ń bèèrè.

Tíṣà Ìbarà
Mo ti fẹ̀yìn tì, ìtàn ni mo fi gbogbo ọjọ́ ayé mi kọ́ àwọn ọmọ, ẹ jẹ́ kí n sọ díẹ̀ níbẹ̀. Ọ̀rọ̀ yìí kì í ṣe tuntun sí ọmọ Abẹ́òkúta.

Ní 1924, ìjọba Gẹ̀ẹ́sì ṣe ìpàtẹ ńlá kan ní Wembley, ní London, láti fi àwọn ilẹ̀ tí wọ́n ń jọba lé lórí han ará ìlú wọn. Wọ́n kọ́ àgọ́ kan síbẹ̀ fún Ìwọ̀-oòrùn Áfíríkà, wọ́n mú àwọn èèyàn wa síbẹ̀ kí òyìnbó lè máa wá wò wọ́n. Làwọn oníwèé ìròyìn bá bẹ̀rẹ̀ sí í kọ ohun tó wù wọ́n: pé ẹhànnà ni wá, pé à ń jẹ èèyàn. Akẹ́kọ̀ọ́ kan wà ní London nígbà náà tó ń kọ́ nípa òfin. Ládiípọ̀ Ṣólàńkẹ́ ni, Abẹ́òkúta yìí ni wọ́n bí i sí. Ó kọ lẹ́tà sí ìwé ìròyìn, ó tú irọ́ náà palẹ̀, ó ní ìwọ̀sí ni wọ́n fi ń lọ̀ wá. Lọ́dún náà gan-an ó bọ́ sórí rédíò ní London, ó sì sọ Yorùbá níbẹ̀. Ẹ ro ìyẹn wò: àwọn tó ń ka ìwé pé à ń jẹ èèyàn, Yorùbá wá ń dún jáde nínú àpótí ilé wọn.

Nígbà tó di 1925, òun àti Dókítà Herbert Bankole-Bright tó jẹ́ ọmọ Sierra Leone dá ẹgbẹ́ àwọn akẹ́kọ̀ọ́ Ìwọ̀-oòrùn Áfíríkà sílẹ̀, èyí tí wọ́n ń pè ní WASU. Ìṣòro tó wà nílẹ̀ nígbà náà ni pé àwọn onílé London kì í fẹ́ háyà yàrá fún dúdú. Ṣólàńkẹ́ padà wá sílé, ó rin Ìwọ̀-oòrùn Áfíríkà káàkiri, ó ń gba owó jọ. Ní 1933, wọ́n ṣí ilé tiwọn fún àwọn akẹ́kọ̀ọ́ ní Camden. Ó bínú o, àmọ́ ilé ló fi ìbínú náà kọ́.

Ní ti orúkọ, ẹ bi ọmọ yín bóyá ó mọ orúkọ tí wọ́n ń pe ìyá Fẹlá nígbà tó wà ní ọmọdé. Frances Abigail ni. Ní 1919 ó lọ kàwé ní England. Nígbà tó máa fi dé ní 1922, ó ti pa Frances tì, Fúnmiláyọ̀ ló ń jẹ́. Ìlú òyìnbó ló ti fi orúkọ òyìnbó sílẹ̀! Nígbà tó yá, ìró àti bùbá nìkan ló kù tó ń wọ̀, bí àwọn aláṣẹ Gẹ̀ẹ́sì bá sì pè é sí ìpàdé, Yorùbá ló máa sọ, kí wọ́n lọ wá ògbufọ̀ tiwọn. Gẹ̀ẹ́sì rẹ̀ sì dán ju ti ọ̀pọ̀ nínú wọn lọ. Obìnrin yìí kan náà ló kó àwọn obìnrin Ẹ̀gbá jọ lórí ọ̀rọ̀ owó orí títí Aláké fi kúrò lórí ìtẹ́ ní 1949, ṣùgbọ́n ìyẹn á gba ọjọ́ mìíràn.

Ọmọ Òwu ní Manchester
Tíṣà, ẹ kú iṣẹ́ sà. Mo bọ̀wọ̀ fún yín, ṣùgbọ́n kò sẹ́ni tó máa dúró gbọ́ ìtàn Ṣólàńkẹ́ nínú bọ́ọ̀sì ní aago mẹ́fà àárọ̀. Ẹ jẹ́ ká sọ̀rọ̀ oúnjẹ.

Àwọn olùṣèwádìí ní Nuffield College, Oxford, gbé ìwádìí kan jáde ní 2019. Wọ́n kọ ìwé ìwáṣẹ́ tí ìmọ̀ àti ìrírí inú rẹ̀ jẹ́ bákan náà, wọ́n yí orúkọ àti ìran ẹni tó kọ ọ́ padà, wọ́n sì fi ránṣẹ́ sí àwọn agbanisíṣẹ́ ní Britain. Ibi tí òyìnbó ti kọ 10 kí wọ́n tó pè é, ẹni tí ìran rẹ̀ jẹ́ ti Nàìjíríà ní láti kọ nǹkan bí 18. Nítorí náà, ọmọ tó bá ń ro orúkọ rẹ̀ lẹ́ẹ̀mejì kì í ṣe ọ̀dàlẹ̀. Ó ń ṣírò ni.

Èmi ò yí tèmi o. Ìdí kìíní, ìwé ìrìnnà, ìwé ẹ̀rí, báńkì, ilé tí mo háyà, gbogbo wọn gbọ́dọ̀ bá ara wọn mu. Ẹni tó bá ń jẹ́ orúkọ kan níbí, òmíràn lọ́hùn-ún, á máa ṣàlàyé ara rẹ̀ káàkiri ọ́fíìsì. Ìdí kejì, agídí. Mo kọ bí wọ́n ṣe ń pe orúkọ mi sábẹ́ gbogbo íméèlì mi. Bí ẹnì kan bá ṣì í pè, màá tún un ṣe lẹ́ẹ̀kan, láìtọrọ àforíjì, láìbínú. Bó bá tún ṣì í, màá tún un ṣe. Èyí tí mi ò gbà ni kí ẹnikẹ́ni ní "Ó gùn jù, màá máa pè ọ́ ní..." Rárá o. Ìlú tó ń fi gbogbo ẹnu pariwo Bukayo Saka ní pápá Arsenal mọ bí wọ́n ṣe ń pe Yorùbá nígbà tó bá wù ú.

Tíṣà Ìbarà
Ọmọ Òwu, o ò jẹ́ gbà ni. Ohun tí ìyáàfin yẹn ṣe ní 1922 náà lo ń ṣe lábẹ́ íméèlì.

Aláàdìrẹ Ìtokú
A jọ jókòó ka gbogbo rẹ̀ ni. Ọ̀rọ̀ ìyá Fẹlá yà á lẹ́nu. Àmọ́ 10 àti 18 yẹn ló dì mú, ó ti fi ń bá mi jiyàn láti àná. Ọmọ Òwu, o kú iṣẹ́ o (mo ń fi ṣẹ̀fẹ̀ ni).

Ìbéèrè mìíràn: mo fẹ́ di àdìrẹ díẹ̀ sínú àpótí rẹ̀, iṣẹ́ ọwọ́ mi. Ó ní òun ò fẹ́ lọ di ère tí wọ́n fi ń polówó Áfíríkà nínú kíláàsì. Ṣé ìtìjú ni àbí ọgbọ́n?

Òkè-Ọnà ní Berlin
Mà, ọgbọ́n ni. Ọ̀rọ̀ tí ọmọ yẹn sọ ló jinlẹ̀ jù lórí pèpéle yìí látàárọ̀.

Ní ibi iṣẹ́ mi, èmi nìkan ni dúdú. Bí nǹkan bá ṣẹlẹ̀ ní Sudan, wọ́n á yíjú sí mi. Bó bá jẹ́ Congo, èmi náà ni. Wọ́n á ní, "Báwo ló ṣe rí lọ́dọ̀ yín?" Lọ́dọ̀ wa bíi ti báwo? Orílẹ̀-èdè 54 ló wà ní Áfíríkà. Láti Èkó dé Nairobi ju ìlọ́po méjì ọ̀nà Berlin sí Moscow lọ, àmọ́ kò sẹ́ni tó ń bi ọmọ Jámánì léèrè ohun tí ará Moscow jẹ sùn. Mo ti wá mọ ìdáhùn kan tó ń fún mi ní àlàáfíà: "Mi ò mọ̀, èmi náà kà á nínú ìwé ìròyìn ni." Kò pọn dandan kí ọmọ yín jẹ́ aṣojú ẹnikẹ́ni. Ìwé ló lọ kà.

Àdìrẹ, kó gbé e. Kó wọ̀ ọ́ lọ́jọ́ tó bá wù ú, ìbáà jẹ́ ọjọ́ Túsìdeè lásán, kì í ṣe ọjọ́ tí wọ́n bá ní "ẹ wá fi àṣà yín hàn wá". Ṣùgbọ́n kó mọ iṣẹ́ inú rẹ̀. Kó mọ èyí tí wọ́n fi okùn dì àti èyí tí wọ́n fi ẹ̀kọ láfún kọ kí wọ́n tó rẹ ẹ́ sínú aró, kó mọ ohun tí ẹlú jẹ́. Ẹ̀yin lẹ bí i sínú iṣẹ́ yìí, ó lè jẹ́ pé kò fetí sí i rí. Ẹ sì ṣọ́ra, nítorí ayédèrú tí wọ́n tẹ̀ ní Ṣáínà ti wọ ọjà àdìrẹ, kó má lọ máa fi aṣọ Ṣáínà yangàn fún ará Ṣáínà nínú kíláàsì.

Nǹkan kan tún wà tí mo fẹ́ kí ó mọ̀. A máa ń rò pé àwọn tí kò kàwé ló ń fi ojú burúkú wò wá. Leo Frobenius, ọ̀mọ̀wé ọmọ Jámánì, dé Ilé-Ifẹ̀ ní 1910. Ó rí àwọn orí amọ̀ àti orí idẹ tó wà níbẹ̀. Ó rẹwà lójú rẹ̀ débi pé kò gbà pé ọwọ́ wa ló ṣe é. Ó ní àwọn ará Atlantis ló ṣe é, ìlú inú ìtàn àwọn Gíríìkì tí kò sẹ́ni tó rí i rí! Ó yá a lára láti gba ìlú tí kò sí gbọ́ ju kí ó gba ará Ifẹ̀ tó dúró níwájú rẹ̀ gbọ́ lọ. Nítorí náà, bí ọ̀jọ̀gbọ́n kan bá sọ ohun tí kò dáa nínú kíláàsì, kó má rò pé ìwé tí onítọ̀hún kà ti sọ ọ́ di òótọ́. Kó na ọwọ́ sókè, kó bèèrè ibi tó ti rí i.

Nọ́ọ̀sì Birmingham
Kó tún mọ̀ pé wọ́n máa fẹ́ fọwọ́ kan irun rẹ̀. Kó sún sẹ́yìn, kó ní "Rárá, ẹ ṣeun." Ó tán.

Ẹ̀gbá Houston
Ẹ ò tíì mẹ́nu kan èyí tó ń dùn mí jù: pé ọmọ yàhúù ni gbogbo wa. Bí wọ́n bá ti gbọ́ Nàìjíríà, wọ́n á ní, "Àh, ṣé ọmọ ọba tó ń kọ íméèlì lo jẹ́?" Àwàdà ni lójú tiwọn. Èmi ń ṣe iṣẹ́ ìṣirò owó. Fún ẹni tó ń ṣọ́ owó ilé iṣẹ́, àwàdà yẹn lè jókòó sórí ìgbéga rẹ̀. Èmi kì í bá wọn rẹ́rìn-ín. Màá bi í jẹ́jẹ́ pé, "Kí ló pa ọ́ lẹ́rìn-ín níbẹ̀? Mi ò tíì gbọ́ ọ yé." Ẹni tó bá ní láti ṣàlàyé irú àwàdà yẹn níwájú àwọn yòókù, ẹnu rẹ̀ á wọ́. Mo rí i pé ó ń ṣiṣẹ́ ju èébú lọ.

Ṣùgbọ́n ẹ jẹ́ ká sọ òótọ́ fún ara wa. Ní Abẹ́òkúta wa yìí, EFCC ń kó àwọn ọmọ wa, kóòtù sì ń dá wọn lẹ́bi. Nígbà tí wọ́n bá wọ ibi àríyá, àwa kan náà la máa ń dìde fún wọn, tí onílù á yí sọ́dọ̀ wọn. Irọ́ ni pé olè ni gbogbo wa. Àmọ́ a mọ àwọn tó ń ná an, a sì ń bá wọn jó.

Ọmọ Òwu ní Manchester
Ẹ̀gbọ́n, ẹ má bínú o. Ṣé ọmọ Ítálì máa ń tọrọ àforíjì nítorí màfíà kó tó jókòó síbi iṣẹ́? Kí ló dé tó fi jẹ́ àwa la gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ jẹ́wọ́?

Ẹ̀gbá Houston
Àbúrò, mi ò ní kí ẹnikẹ́ni jẹ́wọ́ fún òyìnbó. Àárín ara wa nílé ni mò ń bá wí.

Nọ́ọ̀sì Birmingham
Kí ọ̀rọ̀ yàhúù tó kọjá: ọmọ, bí o bá ń ka èyí, ẹnì kan máa wá bá ọ lọ́hùn-ún, ó lè jẹ́ ọmọ ìjọ pàápàá, á ní òun fẹ́ gba owó gba inú àkáǹtì rẹ, pé òun á fún ọ ní díẹ̀ níbẹ̀. Má gbà. Báńkì á ti àkáǹtì náà pa, bí wọ́n bá sì kọ orúkọ rẹ sínú àkọsílẹ̀ Cifas, àjọ tó ń ṣọ́ àwọn oníjìbìtì lọ́hùn-ún, ó lè wà níbẹ̀ fún ọdún 6. Kò sí báńkì tó máa fẹ́ gbà ọ́, kò sí ẹni tó máa tà fóònù oníwèé àdéhùn fún ọ. Mo ti rí ẹni tó ṣẹlẹ̀ sí. Kò sì sí ẹni tó máa dá a láre pé wọn ò fẹ́ràn dúdú ni.

Gbágùúrà ní Toronto
Ẹ kú ọ̀rọ̀. Ẹ jẹ́ kí n yí i síbòmíràn díẹ̀. Bàbá kan ní ìjọ wa sọ fún ọmọ rẹ̀ kó má bá àwọn ọmọ Jàmáíkà rìn, pé ọ̀lẹ ni wọ́n, pé igbó ni wọ́n ń mu. Bẹ́ẹ̀ ni à ń pe dúdú Amẹ́ríkà ní akátá. Ohun tí òyìnbó sọ nípa wa náà la gbé, la nù ún lára díẹ̀, la wá gbé wọ ẹlòmíràn. Ọlọ́pàá tó bá dá ọkọ̀ dúró lóru kò ní bi ọmọ rẹ bóyá Jàmáíkà ni tàbí Ẹ̀gbá. Kí ọmọ yín wá àwọn ọmọ Caribbean tó bá dé ilé ìwé. Àwọn ni wọ́n ti wà lórí ilẹ̀ yẹn pẹ́, wọ́n mọ ibi tí ilẹ̀ ti ń yọ̀.

Fún ẹ̀yin tẹ́ ẹ ń tọ́ ọmọ lọ́hùn-ún: ọmọbìnrin mi ti ilé ìwé dé, ó ní òun ò fẹ́ gbé ìrẹsì pẹ̀lú ọbẹ̀ ata lọ mọ́, pé wọ́n ní ó ń rùn. Ìyá rẹ̀ fẹ́ lọ bá wọn jà. Èmi ní kó máa gbé búrẹ́dì lọ síbẹ̀ tó bá wù ú, kò sí ogun nínú búrẹ́dì. Ṣùgbọ́n nílé, Yorùbá là ń sọ, ọbẹ̀ là ń jẹ, màmá àgbà sì ń pè láti Abẹ́òkúta ní gbogbo Sátidé. Ní báyìí, òun ló ń ta ko èmi bí mo bá fi Gẹ̀ẹ́sì bá a sọ̀rọ̀.

Tíṣà Ìbarà
Gbágùúrà, o sọ ọ̀rọ̀ Jàmáíkà. Ní 1859, Robert Campbell, ọmọ Jàmáíkà, àti Martin Delany, dúdú Amẹ́ríkà, wá sí Abẹ́òkúta yìí. Wọ́n ń wá ilẹ̀ tí àwọn èèyàn wọn lè padà wá gbé. Ní oṣù December, Aláké àti àwọn ìjòyè bá wọn tọwọ́ bọ ìwé àdéhùn. Ètò náà kò yọrí sí ibi tí wọ́n fẹ́, ṣùgbọ́n Campbell padà wá sí Èkó, ó ń gbé ibẹ̀, ó sì dá ìwé ìròyìn sílẹ̀. Oṣù December 1859 náà ni ìwé ìròyìn mìíràn, tí kì í ṣe ti Campbell, tí wọ́n ń pè ní Ìwé Ìròyìn, bẹ̀rẹ̀ sí í jáde ní Abẹ́òkúta, ní èdè Yorùbá. Wọn ò pe ẹnikẹ́ni ní akátá nígbà náà.

Lọ́yà Àṣẹ̀rò
Kí n fi ti òfin sí i kí Tíṣà tó gbà á lọ pátápátá (ẹ má bínú sà).

Ní England, Wales àti Scotland, òfin tí wọ́n ń pè ní Equality Act 2010 kò fàyè gba kí wọ́n rẹ́ èèyàn jẹ nítorí àwọ̀, ẹ̀yà tàbí ìlú tó ti wá, ì báà jẹ́ níbi iṣẹ́, ilé ìwé, ṣọ́ọ̀bù tàbí níbi tí wọ́n ti ń háyà ilé. Bí ó bá ṣẹlẹ̀ ní yunifásítì, ọ́fíìsì tó ń gba ẹ̀sùn níbẹ̀ ni kó kọ́kọ́ lọ, kó sì fi ìwé kọ ọ́. Bí wọ́n bá parí ẹjọ́ náà tí kò tẹ́ ẹ lọ́rùn, wọ́n á fún un ní lẹ́tà. Láti ọjọ́ tí wọ́n kọ lẹ́tà yẹn, ó ní oṣù 12 láti gbé e lọ sí OIA, àjọ tó ń gbọ́ ẹjọ́ akẹ́kọ̀ọ́ ní England àti Wales. Akẹ́kọ̀ọ́ kì í san kọ́bọ̀.

Bó bá jẹ́ níbi iṣẹ́ tó ń ṣe lẹ́yìn ìwé ni, ọ̀dọ̀ ACAS, àjọ tó ń làjà láàárín òṣìṣẹ́ àti agbanisíṣẹ́, ni wọ́n ń kọ́kọ́ lọ kí wọ́n tó dé kóòtù àwọn òṣìṣẹ́. Kó má fi falẹ̀ rárá, oṣù díẹ̀ ni òfin fún un. Ní Amẹ́ríkà, ọjọ́ 180 ni láti fi ẹjọ́ sun EEOC, àjọ ìjọba tó ń gbọ́ ẹjọ́ ìrẹ́jẹ níbi iṣẹ́, ó lè di 300 níbi tí ìpínlẹ̀ bá ti ní àjọ tirẹ̀. Gbogbo rẹ̀ wà lọ́wọ́ ìwé kékeré tí Nọ́ọ̀sì sọ yẹn: ọjọ́, àkókò, ọ̀rọ̀, ẹlẹ́rìí. Mo ti rí ẹjọ́ tó dáa tó kú nítorí pé ẹni tó ni ín kò kọ nǹkan kan sílẹ̀, ó kàn ń sọ pé "wọ́n máa ń ṣe bẹ́ẹ̀ sí mi".

Arìnrìn-àjò
Ẹ kú ìrọ̀lẹ́ o, ẹ̀yin àgbà àti ẹ̀yin ẹ̀gbọ́n. Èmi ni ọmọ tí ẹ ń sọ̀rọ̀ rẹ̀ láti àná, Màmá mi ló fún mi ní fóònù. Ẹ ṣeun gan-an. Mo ti kọ íméèlì sí ilé ìwé pé kí wọ́n fi orúkọ tí wọ́n ń pè mí nílé síwájú. Ti ìwé ìwáṣẹ́, mi ò tíì mọ̀, ẹ jẹ́ kí n dé ọ̀hún ná. Àdìrẹ, mo ti gbà láti gbé e, màmá sì ti mú mi jókòó ti ìkòkò aró, ọwọ́ mi ṣì dúdú títí di bí mo ṣe ń tẹ èyí.

Ìbéèrè mi ni pé nínú láfún, irú gbígbẹ àti pọ̀nmọ́, èwo ni wọ́n máa jẹ́ kí n gbé wọlé?

Nọ́ọ̀sì Birmingham
Àbúrò mi, ẹran àti ohunkóhun tí wọ́n fi wàrà ṣe kò gbọdọ̀ ti Nàìjíríà wọlé, nítorí náà fi pọ̀nmọ́ sílẹ̀ fún Bàbá. Láfún, gbé e, ṣùgbọ́n ra èyí tí wọ́n ti tẹ orúkọ sára ọ̀rá rẹ̀. Ìyẹ̀fun funfun nínú ọ̀rá tí kò lórúkọ, o mọ ohun tó máa jọ lójú kọ́sítọ́ọ̀mù. Irú, dì í lẹ́ẹ̀mẹta, àwọn tó bá jókòó sítòsí rẹ nínú ọkọ̀ òfuurufú ò ṣẹ̀ ẹ́.

Onímọ́tò Láfẹ́ńwá
Ìgbà wo ni pọ̀nmọ́ di ẹran?

Nọ́ọ̀sì Birmingham
Ẹ lọ bi wọ́n ní Heathrow, sà.